Ṣé ká ta oko kòkó nítorí róbọ́ọ̀tì tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn?

ÀbíkẹyìnÌjerò, Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ọmọ Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Màmá wa ti pé ọdún 68, Ìjerò ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìkórè kòkó tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀yìn nìkan. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á wúwo, á máa jó wọn láti ìdí dé ọmọ ìka. Láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà báyìí. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ làkúrègbé lọ́dọ̀ kẹ́místì títí ó fi sú wọn. Wọ́n ti mu àgbo, a ti fi òrí ra ẹ̀yìn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó wá rí fídíò kan, níbi tí róbọ́ọ̀tì ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn ní Íńdíà. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kì í ṣàṣìṣe, pé lọ́jọ́ kejì ni aláìsàn ń dìde rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kàn sí àwọn tó ń ṣètò irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n pè, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, àfi tí a bá ta oko kòkó tí Bàbá fi sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀, ó sì fẹ́ kí a dá òun lóhùn kí oṣù tó parí. Màmá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kàn ní, "Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni kí ẹ ṣe."

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni níbí mọ ohun tí róbọ́ọ̀tì yìí ń ṣe gan-an? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń la ẹ̀yìn èèyàn?

Nọ́ọ̀sìTíátà, Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọmọ Ìfàkì ni mí, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ti dúró ti ẹ̀rọ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Róbọ́ọ̀tì kì í la ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Apá irin kan ni. Dókítà ló ń la ara, dókítà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sínú egungun, òun náà ló ń yí súkúrù wọlé. Iṣẹ́ ti apá irin yẹn ni pé kó na ara rẹ̀ sí ibi tí súkúrù yóò gbà, kó di ọ̀pá oníhò kan mú síbẹ̀ láìmì, kí ohun èlò dókítà lè gba inú rẹ̀ kọjá tààrà.

Kí ló dé tí súkúrù fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Egungun 33 ló tò léra nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìbàdí, 5 tó ti lẹ̀ pọ̀ ní ìdí, àti 4 kéékèèké nísàlẹ̀ pátápátá. Mùdùnmúdùn tó ti inú ọpọlọ wá ń gba àárín wọn kọjá, iṣan ìmọ̀lára sì ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Bí egungun kan bá fọ́ tàbí tó yọ̀ lórí èkejì, wọ́n á kan súkúrù méjì sí i, méjì sí èkejì, wọ́n á fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Ojú ọ̀nà tí súkúrù ń gbà nínú egungun yẹn tóóró gan-an, iṣan sì wà nítòsí. Tí súkúrù bá yọ kúrò nínú egungun ní mìlímítà 2, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì lè fara mọ́ ọn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọkàn kì í balẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni apá irin yìí ti wúlò.

Ṣáájú ni wọ́n á ti ya CT scan aláìsàn, ìyẹn àwòrán X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele. Lórí àwòrán yẹn ni dókítà á ti fa ojú ọ̀nà súkúrù kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe gùn tó àti bí ó ṣe nípọn tó. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n á kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ egungun ìdí aláìsàn, àmì kan wà lórí rẹ̀ tí kámẹ́rà ń wò. Àmì yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ara wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìgbọ̀nwọ́ ta irin náà, ẹ̀rọ lè máa tọ́ka sí ibi tí egungun wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i tí ọ̀gá wa kan dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ní ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́ka sí kò bá ohun tí ọwọ́ àwọn ń gbọ́ mu. A tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ọwọ́ wọn ló tọ̀nà.

Nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ̀rọ náà kì í ṣàṣìṣe, ọjà ló ń tà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni àyẹ̀wò ní ó ń ṣe Màmá? Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí orúkọ àìsàn kankan níbẹ̀.

ÀbíkẹyìnÌjerò, Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fún wa. X-ray kan péré ni a yà lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní "egungun ti ń gbó". Ìyẹn náà ni àwọn tó ń ṣètò Íńdíà ní ká fi ránṣẹ́, wọ́n sì ti pe iye owó lórí rẹ̀.

FísíòAdó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Mo kí yín. Físíò ni mí níbí l'Ádó, ẹni tó ń fi eré ìdárayá wo ìrora ara; ẹ̀yìn ni mo ń bá jà láti àárọ̀ dálẹ́.

Egungun gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń gbó. Ẹ ya X-ray gbogbo ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Ọba, ẹ ó rí i lára wọn, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ ìrora kankan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe iye owó iṣẹ́ abẹ lórí ìyẹn.

Ẹ bá mi bi Màmá ní nǹkan méjì. Àkọ́kọ́: tí ẹsẹ̀ bá ń jó wọn, tí wọ́n tẹ̀ síwájú, bóyá wọ́n fi ara ti tábìlì tàbí wọ́n ń ti ọmọlanke, ṣé ara kì í tù wọ́n? Ìkejì: tí wọ́n bá dúró lásán, láìjókòó, ṣé ìrora náà ń lọ? Tí títẹ̀ síwájú tàbí jíjókòó bá ń tù wọ́n, tí dídúró lásán kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò tí iṣan ń gbà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ti fún. Bí èèyàn bá tẹ̀, ihò náà á ṣí díẹ̀. Bó bá nàró, á tún pa dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé dídúró lásán ti tó láti mú un lọ, kí dókítà fọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ wọn, kó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa, torí òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí náà ń ṣe irú rẹ̀.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló máa fi iṣan hàn. X-ray ò lè fi í hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kẹ́místì yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn ìrora tí wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù máa ń dá egbò sínú ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ san tí kíndìnrín rẹ̀ sì lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí: bí ìtọ̀ bá ń jáde láìmọ̀, tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, bí abẹ́ wọn bá kú débi pé wọn ò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń nu ìdí, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i lójoojúmọ́, kí ẹ má dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òru ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Iṣan tó bá pẹ́ lábẹ́ ìtẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ padà bọ̀ sípò mọ́.

Ọ̀mùòKete, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Ohun tí Físíò sọ yìí ló mú mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn náà ni ti bàbá mi. Ọdún kan gbáko ni a fi ń ra oògùn làkúrègbé. Ìrora wọn kì í sinmi, kódà lórí ibùsùn lóru ló ń le jù, wọ́n sì ń rù. Nígbà tí a fi máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, jẹjẹrẹ prostate ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n nípa ìtọ̀ rí ní gbogbo ọdún yẹn.

Mo mọ̀ pé Màmá ni tiyín, kì í ṣe Bàbá. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọmú náà ń lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gbogbo ara wò. Ẹ̀yin tí bàbá yín ń kérora ẹ̀yìn lóru, ẹ má fi falẹ̀.

FísíòAdó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí n fi ikọ́ ẹ̀gbẹ kún un: kì í ṣe inú àyà nìkan ló ń gbé, ó ń jẹ egungun ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà á sì yọ gàǹgà bí iké. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àfiṣe ni. Oògùn ni wọ́n fi ń wò ó, fún oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má nílò abẹ rárá.

ỌmọDókítà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni mí l'Ádó. Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa àyẹ̀wò, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká lé ẹ̀rọ yìí lọ.

SpineAssist tí ilé-iṣẹ́ Mazor ṣe ní Ísírẹ́lì ló kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ní 2004. Àwọn dókítà kan ní Jámánì dán an wò lára aláìsàn 60, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ọwọ́ lásán fi 93 nínú ọgọ́rùn-ún súkúrù síbi tó dára, ti róbọ́ọ̀tì jẹ́ 85. Ọwọ́ ló borí! Ohun tí wọ́n fura sí ni pé ọ̀pá oníhò yẹn ń yọ̀ lórí egungun, àti pé bí wọ́n ṣe so ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn kò fìdí múlẹ̀ tó. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò jókòó. ExcelsiusGPS dé ní 2017. Medtronic ra Mazor ní 2018 ní bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Àwọn ará Ṣáínà náà ní TiRobot. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i pé ẹ̀rọ tuntun ń ṣe dáadáa bí ọwọ́ àgbà dókítà, tàbí kó sàn jù ú lọ díẹ̀. Ní 2019, Dókítà Tian Wei jókòó ní Beijing, ó fi íntánẹ́ẹ̀tì 5G darí róbọ́ọ̀tì tó wà ní ìlú méjì mìíràn, súkúrù sì wọlé.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ní 1962, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ilẹ̀ wa kò tíì tó o ńkọ́? Mo fẹ́ rí róbọ́ọ̀tì yìí ní Èkìtì kí n tó di àgbà.

ẸnjiníàÌkẹ́rẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Ọmọ mi, ó dùn mọ́ mi nínú bí o ṣe ń ronú. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mo ń tún ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ò ń sọ yìí, iye rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù dọ́là kan, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni owó ìrà. Àwọn ohun èlò kan wà tí wọ́n ń lò fún aláìsàn kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì dà nù. Wọ́n á tún máa san owó fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́dọọdún kí wọ́n tó lè máa wá tún un ṣe. Kò ṣeé dá lò pẹ̀lú: ó nílò CT tó ya àwòrán dáadáa, ó nílò ẹ̀rọ X-ray alápá tó tẹ̀ bí ọrun, tí a ń pè ní C-arm, nínú tíátà. Ó nílò iná tí kì í ṣẹ́jú. Mo ti wọ tíátà rí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, tí NEPA mú iná lọ nígbà tí aláìsàn wà lórí tábìlì, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò dìde. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a tàn títí mo fi rí wáyà tó já. Ọlọ́run ló yọ wá. Ojú ìyá tó wà lórí tábìlì yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Fún mi ní C-arm tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń se irinṣẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, àti iná tó dúró, ní gbogbo tíátà ńlá tó wà ní Èkìtì. Àwọn dókítà wa á fi ọwọ́ wọn yí súkúrù débi tí ẹnu á fi yà yín. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọwọ́ ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Róbọ́ọ̀tì ọlọ́wọ́ mẹ́rin tó ń yí bí aláǹtakùn tí ẹ ń rí nínú ọ̀pọ̀ fídíò, da Vinci ni wọ́n ń pè é. Prostate, ilé-ọmọ àti nǹkan inú ikùn ni wọ́n ń lò ó fún jù. Ẹ̀rọ ọ̀pá ẹ̀yìn kọ́ nìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n yín tún fídíò yẹn wò dáadáa.

ỌmọDókítà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé, sà. Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ṣé a ò lè máa bèèrè méjèèjì pọ̀? Tí a bá dúró títí iná fi máa pé ká tó rán ẹnikẹ́ni lọ kọ́ ẹ̀rọ náà, ọjọ́ tí iná bá pé, kò ní sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

ẸnjiníàÌkẹ́rẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Kí wọ́n rán yín lọ kọ́ ọ. Kí wọ́n sì rán àwa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe náà, torí ìgbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé wa, tí ẹ̀rọ á wá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lórí.

Ọ̀pẹÌkọ̀lé, Ọjọ́rú, 5:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Adẹ́mu ni mí n'Íkọ̀lé. Ní 2016, igbà já pẹ̀lú mi lórí ọ̀pẹ. Egungun ẹ̀yìn mi kan fọ́, lókè ìbàdí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe gbé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sáré dé, ọkàn rere ni wọ́n ní. Ẹnì kan fẹ́ gbé mi lápá, ẹnì kan fẹ́ gbé mi lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà. Olùkọ́ kan tó ń kọjá lọ ló pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí wọ́n tú ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó wà nítòsí. Èèyàn mẹ́rin di orí, èjìká, ìdí àti ẹsẹ̀ mi mú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí mi sórí ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni yí igi gẹdú, wọ́n fi aṣọ dì mí mọ́ ọn, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé mi lọ. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ilẹ̀kùn yẹn ló gba ẹsẹ̀ mi là. Súkúrù mẹ́rin àti irin méjì ló wà lẹ́yìn mi dòní, ọwọ́ dókítà ọmọ Yorùbá ló fi wọ́n síbẹ̀. Mò ń rìn. N kò gun ọ̀pẹ mọ́, mò ń ta ẹmu tí ọmọ mi ń dá.

Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ènìyàn nípa ilẹ̀kùn yẹn.

Akọ́bíÌjerò, Ọjọ́rú, 11:47 alẹ́

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí àbúrò mi ń sọ. Ó fi ìjíròrò yìí ránṣẹ́ sí mi, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi pé ó gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Inú yẹn ti rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní ká ta oko. Nígbà tí Bàbá wa ń kú lọ ní 2011, a ń wá owó kiri ni. Iye tí a ń wá nígbà yẹn kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tí wọ́n pè fún wa báyìí, a ò sì rí i kó tó pẹ́ jù. Mo búra lọ́jọ́ tí a sin wọ́n pé owó kọ́ ni yóò tún gba òbí lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé n kò mọyì oko. Èmi ni mo bá Bàbá gbin ìdajì nínú kòkó yẹn, mo ń ru omi láti odò kí n tó lọ sí ilé ìwé.

Mo tún fídíò náà wò. Ẹlọ́wọ́ mẹ́rin ni.

Ìbéèrè mi ni pé, bí owó bá wà, ṣé kì í ṣe ohun tó dára jù ni mo ń wá fún Màmá?

Nọ́ọ̀sìTíátà, Ọjọ́bọ̀, 12:20 òru

Bọ̀dá, ẹ má bínú, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti Bàbá. Ọmọ tó ń wá ohun tó dára jù fún ìyá rẹ̀ ni yín, kò sí ẹni tó lè bá yín wí.

Ohun tó yẹ kí n ti sọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé nìyí. Súkúrù ni iṣẹ́ tí róbọ́ọ̀tì yìí mọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ihò tó fún ló ń yọ Màmá lẹ́nu, tí egungun kankan kò sì yọ̀ kúrò nípò, ohun tí dókítà sábà máa ń ṣe ni pé kó ha egungun àti ẹran líle tó ń tẹ iṣan kúrò, kó sì ran ojú ọgbẹ́ pa. Kò ní fi súkúrù kankan sí i. Bí ẹ bá gbé róbọ́ọ̀tì olówó iyebíye wọ tíátà yẹn, igun ló máa dúró sí títí a ó fi parí. Kò ní ní iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n nílò súkúrù, ẹ ní kí wọ́n wo bí egungun wọn ṣe le tó. Egungun ìyá tó ti dàgbà lè ti rọ̀. Súkúrù tó wọlé síbi tó yẹ gan-an ṣì lè tú nínú egungun tó rọ̀, róbọ́ọ̀tì ò lè dí ìyẹn. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ló máa wá ọgbọ́n sí i.

Torí náà, ẹ bi àwọn tó pe owó fún yín: egungun ẹ̀yìn wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe? Ṣé ẹ máa fi súkúrù sí i, kí sì ni ìdí? Dókítà wo ni yóò mú ọ̀bẹ, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣe irú rẹ̀? Lẹ́yìn tí a bá padà sí Ìjerò, ta ni yóò tú òwú ọgbẹ́, bí ibẹ̀ bá sì ń ṣe omi, ta ni a ó pè? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ẹ má fún un ní oko.

Akọ́bíÌjerò, Ọjọ́bọ̀, 8:15 àárọ̀

Mo bi wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ ná, wọ́n á dáhùn lẹ́yìn náà.

A máa ya MRI.

ÀbíkẹyìnÌjerò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú dídúró. A ti ya MRI náà l'Ádó. Orí àpò kòkó gbígbẹ méjì tí Màmá ti kó pamọ́ sí yàrá ni owó rẹ̀ ti jáde, wọn ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi san kọ́bọ̀.

Físíò, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Nígbà tí mo bi wọ́n nípa títẹ̀ síwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí tí àwọn fi ń ti ọmọlanke ọmọ aládùúgbò lọ sí odò nìyẹn, pé bí àwọn bá ti fara lé e, ẹsẹ̀ kì í jó àwọn. A ti rò pé wọ́n kàn ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni.

Ihò náà fún láàárín egungun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún. Wọ́n tún ya X-ray nígbà tí wọ́n tẹ̀ síwájú àti nígbà tí wọ́n nà sẹ́yìn, egungun kankan kò yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ wọn dáadáa, àyẹ̀wò yòókù sì mọ́. Dókítà ní kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe físíò ná, ó sì kọ ìwé fún wa lọ sí UCH Ìbàdàn, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní tí wọ́n bá máa ṣe é, híha ni, kò sí súkúrù. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè nípa róbọ́ọ̀tì. Dókítà ní, "Kí la fẹ́ kó bá wa ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ Màmá mú, kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi dé ibi ọkọ̀.

A ti dá ẹni tó fẹ́ ra oko lóhùn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá ní fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọn ò bèèrè nípa ìrora, wọn ò bèèrè nípa owó. Wọ́n ní kí n bi yín pé tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣé àwọn á ṣì lè kúnlẹ̀. Àwọn kò lè máa fi ìdúró kí àwọn tó ju àwọn lọ, pé irú ayé wo nìyẹn.

FísíòAdó, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 alẹ́

Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orúnkún àti oríkèé ìdí ló ń ṣe iṣẹ́ jù nínú ìkúnlẹ̀. Ti híha tí dókítà sọ yìí, kò sí ohun tí wọ́n dè pọ̀ nínú ẹ̀yìn wọn. Bí wọ́n bá ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n má gbé garawa omi, kí wọ́n má tẹ̀ láti gbálẹ̀, kí wọ́n má yí ẹ̀yìn lójijì. Dókítà wọn ló máa sọ iye ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kí wọ́n di àga mú, kí orúnkún kan ṣáájú, kí ẹ̀yìn wà ní títọ́, kí èkejì tẹ̀ lé e. Dídìde ló ṣòro ju kíkúnlẹ̀ lọ, torí náà ìyẹn la ó kọ́kọ́ kọ́.

Kò sì yẹ kí a dúró de abẹ. Ẹ mú wọn wá ní Ọjọ́rú. Ṣé ẹ lè gbé irú àga tí wọ́n ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì dání? Gíga àga ṣe pàtàkì, èyí tí ara wọn mọ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn.

ÀbíkẹyìnÌjerò, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Èkó lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ló máa ru àga náà.